Irin Tó Ń Dípáàrà àti Irin Tí Kì Í Dípáàrà: Ìtàn Láti Bouaké

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Yorùbá ń lò fún ọ̀pọ̀ nǹkan tó le, tó wúwo, tó sì ń dún bí a bá fi òòlù kàn án: irin. Àdá, irin ni. Ojú ọ̀nà rélùwéè, irin ni. Ìkòkò tó ń dán nínú ilé ìdáná, irin ni. Owó ẹyọ inú àpò, bí kò bá ti jẹ́ bàbà tàbí idẹ, irin náà la ó pè é. Ní Bouaké, níbi tí mo ti ń kọ àròkọ yìí, àwọn ọmọ Yorùbá tí àwọn ará ibí ń pè ní Anàgó ń ta gbogbo wọn lórí àtẹ kan náà. Ṣùgbọ́n irin ju irin lọ. Ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lórí méjì nínú wọn: irin tí kábọ̀n wà nínú rẹ̀, èyí tí àwọn baba wa mọ̀ ọ́n ṣe, àti irin tí wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì dà lù, èyí tí àwọn òyìnbó kó wá bá wa. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ lè fi ìyàtọ̀ àárín wọn ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ní tèmi, mo rí ìtàn nínú rẹ̀: ìtàn ẹni tó mọ nǹkan ṣe, ẹni tó ń ra nǹkan, àti ẹni tó ń ta erùpẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ilẹ̀ ti mọ́ wa. Ní Taruga, ní àárín gbùngbùn Nàìjíríà, àwọn awalẹ̀pìtàn rí àwọn ìléru tí wọ́n ti fi ń yọ irin láti inú òkúta ní bí 2,500 ọdún sẹ́yìn. Ní ààfin Ọọ̀ni ní Ilé-Ifẹ̀, òkìtì irin kan wà níbẹ̀ tó rí bí ẹ̀kán omi, tí wọ́n ń pè ní Ògún Ládín. Ìtàn sọ pé Ládín ni alágbẹ̀dẹ Odùduwà. Lára Ọ̀pá Ọ̀rányàn, ìṣó irin ni wọ́n kàn mọ́ òkúta. Ní àríwá Bouaké níbí, ní Koni lẹ́bàá Korhogo, àwọn alágbẹ̀dẹ Senufo ti wa òkúta irin láti inú ilẹ̀, wọ́n sì ti yọ́ ọ fúnra wọn. Ní 1904, òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba Lagos, C. V. Bellamy, tẹ àkọsílẹ̀ kan jáde ní Ìlú Ọba nípa àwọn tó ń yọ́ irin ní Ola-Igbi, lẹ́bàá Ọ̀yọ́. Onímọ̀ irin kan ní Ìlú Ọba, F. W. Harbord, yẹ irin àti òkúta tí wọ́n kó dé ibẹ̀ wò. Ohun tó jáde láti inú ìléru yẹn kì í ṣe irin rírọ̀ lásán. Irin líle tí kábọ̀n wà nínú rẹ̀ ni.

Kí ni kábọ̀n yìí? Èédú ni. Èédú igi tí wọ́n kó sínú ìléru ń ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń mú kí iná gbóná, ó sì ń wọ inú irin lọ díẹ̀díẹ̀. Irin pọ́ńbélé kì í yọ́ títí ooru yóò fi dé 1,538°C, bẹ́ẹ̀ ìléru alámọ̀ kò lè dé ibẹ̀. Nítorí náà, irin kì í ṣàn jáde bí omi nínú rẹ̀. Ó máa ń kóra jọ bí odindi ìṣù tó ní ihò, tí alágbẹ̀dẹ yóò wá lù títí ìdàrọ́ yóò fi jáde kúrò lára rẹ̀. Bí kábọ̀n inú irin kò bá tó 0.3%, irin náà rọ̀, ó ṣeé tẹ̀. Bí ó bá wà láàárín 0.6% sí 1%, ó le, a lè pọ́n ọn títí yóò fi mú bí abẹ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìṣó àti abẹ kò ju kí a fi ìpín kan nínú ọgọ́rùn-ún èédú kún un lọ.

Ohun mìíràn tún wà tí irin oníkábọ̀n fi yàtọ̀. Alágbẹ̀dẹ lè mú un gbóná títí yóò fi pọ́n, kó wá rì í bọ omi lójijì. Yóò le gan-an, débi pé ó lè dá bí àwo bí wọ́n bá jù ú mọ́lẹ̀. Ó máa wá yan án díẹ̀ lórí iná lẹ́ẹ̀kejì kí líle náà lè dínkù, kí ó má baà dá. Nǹkan bí 770°C ni òòfà kò ti ní lè fa irin mọ́, ibi tí alágbẹ̀dẹ sì ti ń rì í bọ omi kò jìnnà sí ibẹ̀ rárá. Àwọn baba wa kò ní ẹ̀rọ tó ń wọn ooru; àwọ̀ irin nínú iná ni wọ́n ń wò, wọ́n sì mọ àwọ̀ tó tó. Yorùbá ní alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ìmọ̀ ni wọ́n fi ń lù ú.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí ìmọ̀ náà? Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ ní 1921, ó sọ pé kí òyìnbó tó dé, ilé la ti ń ṣe gbogbo ohun tí a fi irin ṣe, láti orí ohun ìjà dé orí abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ọjà òyìnbó tó pọ́kú, bí kò tilẹ̀ lágbára tó tiwa, ti ń gba ipò wọn. Ní Côte d'Ivoire, ojú irin fúnra rẹ̀ ló gbé ọjà bẹ́ẹ̀ wọ àárín ìlú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà rélùwéè náà láti Abidjan ní 1904. Ó dé Bouaké ní 1912. Iṣẹ́ ipá ni ìjọba Faransé fi ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣe: wọ́n ń kó àwọn ọkùnrin láti abúlé wọn wá la igbó, wá ru òkúta. Irin oníkábọ̀n ni ojú ọ̀nà náà, irú èyí tí àwọn ará Koni àti Ola-Igbi mọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n òkè òkun ló ti wá. Lẹ́yìn tó dé, kò sí ẹni tó tún fẹ́ gé igi igbó kan, kó sun ún di èédú, kó fi ọjọ́ púpọ̀ dáná ìléru nítorí ọkọ́ mẹ́wàá. Alágbẹ̀dẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ra àfọ́kù irin òyìnbó, ó ń lù ú ní àdá. Àgbẹ̀dẹ kù, ìléru ti kú.

Níkẹ́ẹ̀lì gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Inú àpò la ti kọ́kọ́ rí i.

Orúkọ rẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀. Àwọn awakùsà ní Jámánì rí òkúta kan tó pọ́n bí ẹni pé bàbà wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti yọ́ ọ tó, bàbà kò jáde. Wọ́n ní iwin kan ló fi ṣe wọ́n, wọ́n sì pe òkúta náà ní Kupfernickel, bàbà iwin. Ní 1751, Axel Fredrik Cronstedt, ará Sweden, rí i pé ohun tuntun kan ló wà nínú irú òkúta bẹ́ẹ̀, ó sì fi apá kejì orúkọ iwin náà pè é. Ní bí 1864, Jules Garnier rí òkúta níkẹ́ẹ̀lì ní Nouvelle-Calédonie, erékùṣù tí Faransé ti gbà ní 1853. Kí ọ̀rúndún yẹn tó parí, erékùṣù tí àwọn ẹlòmíràn ni yìí ni níkẹ́ẹ̀lì ayé ti ń wá jù.

Lọ́dọ̀ wa, ní 1907, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe owó kékeré kan tó ní ihò láàárín fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìdá kan nínú mẹ́wàá kọ́bọ̀. Yorùbá pè é ní ọ̀nínì. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń sọ títí dòní pé èèyàn kò ní ọ̀nínì. Alumíníọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é, ṣùgbọ́n kò bá ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa mu. Ní 1908 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àdàlù bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì ṣe é. Ṣílè fàdákà, ẹ̀wẹ̀, kò pẹ́ kúrò: ní 1920 wọ́n fi idẹ rọ́pò fàdákà inú rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì fẹ́ gba owó tuntun náà. Inú wọn kò dùn, ó sì nídìí. Fàdákà ń yọ́ ní 961°C. Alágbẹ̀dẹ lè fi ṣílè rọ ẹ̀gbà ọwọ́, ẹni tó ni owó lè sọ ọ́ di ọ̀ṣọ́ ìyàwó rẹ̀. Níkẹ́ẹ̀lì ní tirẹ̀ ń yọ́ ní 1,455°C. Bí o bá tilẹ̀ yọ́ àdàlù bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì, ta ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ọ? Owó níkẹ́ẹ̀lì kò wúlò fún ohun mìíràn ju owó lọ, kò sì ní iye kankan ju èyí tí ìjọba bá kọ sí i lára.

Ẹ wo 100 fránǹkì tí a ń ná ní Bouaké. Láti 1967 ni ilé ìfowópamọ́ àgbà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, BCEAO, ti ń fi níkẹ́ẹ̀lì ṣe é. Ilé ìṣẹ́ owó Faransé ní Pessac ló sì ń rọ owó ẹyọ wa. Àwòrán ẹja kan wà lára rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ dà bí ayùn. Ara òṣùwọ̀n wúrà àwọn Akan ni wọ́n ti mú àwòrán náà. Àwọn Baulé, tí wọ́n ni ilẹ̀ Bouaké yìí, náà lo irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀: alágbẹ̀dẹ wọn á fi ìda mọ ère kékeré, á fi amọ̀ bò ó, á yọ́ ìda kúrò, á wá da idẹ gbígbóná sí àyè rẹ̀. Ohun tí ọwọ́ alágbẹ̀dẹ ìlú ṣe nígbà kan ló wà lára owó tí kò sí alágbẹ̀dẹ ìlú kankan tó lè ṣe é.

Nàìjíríà náà ní tirẹ̀. Nígbà tí náírà dé ní 1973, àdàlù bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì ni kọ́bọ̀ 5, kọ́bọ̀ 10 àti kọ́bọ̀ 25. Ní 1991, tí náírà ti ń jábọ́, irin lásán ni wọ́n fi ṣe kọ́bọ̀ 50 àti náírà kan ẹlẹ́yọ, wọ́n wá fi níkẹ́ẹ̀lì pa á lára. Níkẹ́ẹ̀lì tó wà nínú owó tẹ́lẹ̀ ti wá di awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí awọ náà bá ti họ, ìpáàrà á yọjú.

Láìpẹ́ yìí, mo dúró ní ṣọ́ọ̀bù bàbá kan, ọmọ Èjìgbò, tó ń ta ìkòkò àti irinṣẹ́ nínú ọjà Bouaké. Mo kí i pé, “Ẹ kú ọjà o, Bàbá.” Ó mú òòfà kékeré kan, ó fi kan ìdí ìkòkò tó ń dán. Òòfà kò fà á. Ó ní, “Ọmọ mi, inox gidi nìyí. Èyí tí òòfà bá ti fà, ayédèrú ni.” Mo yọ 100 fránǹkì, mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kan èyí náà.” Owó náà fò mọ́ òòfà. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ṣé owó ìjọba náà máa wá dípáàrà ni?”

Kò ní dípáàrà. Òòfà ń fa irin, ó sì ń fa níkẹ́ẹ̀lì pọ́ńbélé pẹ̀lú. Àmọ́ bí a bá da níkẹ́ẹ̀lì bí 8% àti kròmíọ̀mù bí 18% pọ̀ mọ́ irin, inox tó bá jáde kì í sábà gba òòfà. Inox mìíràn wà tí kò ní níkẹ́ẹ̀lì rárá, tó jẹ́ pé kròmíọ̀mù nìkan ni wọ́n fi sí i. Òòfà ń fa ìyẹn, síbẹ̀ kì í tètè dípáàrà. Ìdí ni pé kròmíọ̀mù ló ń hu awọ tín-ín-rín bo irin, tí omi àti afẹ́fẹ́ kò fi rí i mú. Níkẹ́ẹ̀lì ló ń jẹ́ kí irin náà ṣeé tẹ̀, kí ó má sì dá. Òòfà bàbá kò purọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó ń dáhùn kọ́ ni a ń bi í.

Tí a bá wá gbé àwọn méjèèjì sórí òṣùwọ̀n, a ó rí i pé kò sí èyí tó borí pátápátá. Irin oníkábọ̀n pọ́kú, ó ṣeé pọ́n, iná àti omi lè sọ ọ́ di líle, alágbẹ̀dẹ ojú ọ̀nà sì lè tún un ṣe. Ó tún ń gbé ooru kiri ní ìlọ́po mẹ́ta ju inox oníníkẹ́ẹ̀lì lọ. Ìdí nìyẹn tí ọbẹ̀ fi ń jó lójú kan ṣoṣo nínú ìkòkò inox tí ìdí rẹ̀ fẹ́lẹ́. Àbùkù rẹ̀ ni pé bí o bá gbàgbé rẹ̀ sínú ìrì, á dógùn-ún. Àdàlù níkẹ́ẹ̀lì ní tirẹ̀ wọ́n, rírì bọ omi kì í sọ ọ́ di líle bí i ti irin oníkábọ̀n, ó sì máa ń mú kí etí àwọn ẹlòmíràn yún, kí ó sì dá egbò bí wọ́n bá fi ṣe yẹtí; Yúróòpù tilẹ̀ ṣe òfin lórí èyí ní 1994. Ṣùgbọ́n inú iná àti inú òtútù la ti ń mọ agbára rẹ̀. Àwọn àdàlù tí níkẹ́ẹ̀lì pọ̀ jù nínú wọn ló ń gba ooru ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú, níbi tí irin oníkábọ̀n yóò ti rọ̀. Gáàsì olómi, irú èyí tí Nàìjíríà ti ń kó jáde láti Bonny láti 1999, tutù dé 162 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nínú òtútù bẹ́ẹ̀, irin oníkábọ̀n lásán á di bí àwo ẹlẹgẹ́. Irin tí níkẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ tó 9% ni wọ́n sábà ń fi ṣe ohun tí wọ́n ń kó irú gáàsì bẹ́ẹ̀ pa mọ́ sí.

Èyí lè dà bí ọ̀rọ̀ ibi tó jìnnà. Ẹ jẹ́ kí n mú un wá sídìí ẹ̀gẹ́. Ní 2024, UNESCO fi ìmọ̀ ṣíṣe attiéké ní Côte d'Ivoire sínú àkójọ àjogúnbá rẹ̀. Attiéké fara jọ gàrí, ṣùgbọ́n ooru omi ni wọ́n fi ń sè é dípò kí wọ́n yan án. Àwọn obìnrin ló ń ṣe é. Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á rin ín, wọ́n á jẹ́ kó kan, wọ́n á fún omi rẹ̀ kúrò. Omi ẹ̀gẹ́ kíkan yìí ni ọ̀tá irin oníkábọ̀n. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́, níbí àti nílé, jẹ́ páànù tí wọ́n fi ìṣó lu, tí wọ́n wé mọ́ igi tàbí páìpù. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ìpáàrà ti wà lójú rẹ̀. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tún rin ẹ̀gẹ́ sí i, ohun tí kò bá sì bá omi lọ á bá oúnjẹ lọ. Inox kò ní ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga ju ohun tí ọ̀pọ̀ wọn lè san lẹ́ẹ̀kan náà lọ. Ẹni tó bá sì rówó rà á lè gbé e fún wẹ́dà tó máa fi ọ̀pá ìjórin lásán jó o pọ̀. Kí oṣù mélòó kan tó kọjá, ojú ibi tí wọ́n jó yẹn gan-an ni ìpáàrà á ti bẹ̀rẹ̀. Wẹ́dà náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Irin kan ṣoṣo ni ọ̀gá rẹ̀ dárúkọ fún un.

Ní ìwọ̀-oòrùn Côte d'Ivoire, ní apá Touba, Biankouma àti Sipilou, níkẹ́ẹ̀lì wà nínú ilẹ̀ pupa. Ní agbègbè Bafing, wọ́n ti ń wa á láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n sì ń kó erùpẹ̀ náà ní tútù lọ sókè òkun. Ìlẹ̀ kan náà yìí ló ń ra inox padà. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí: nígbà tí ìléru kú, a kò ṣaláìní òkúta irin, iṣẹ́ inú rẹ̀ ni a jọ̀wọ́. Àwọn kan á ní iṣẹ́ níkẹ́ẹ̀lì gba iná mànàmáná púpọ̀, ó sì ń ba ilẹ̀ àti omi jẹ́. Òótọ́ ni. Indonesia tó fòfin de kíkó òkúta níkẹ́ẹ̀lì jáde ní 2020 ti rí ilé iṣẹ́ ńláńlá lẹ́yìn òfin náà, ó sì ti rí èéfín èédú pẹ̀lú. Nàìjíríà ti ń retí irin láti Àjàòkúta láti 1979, iná ìléru ńlá ibẹ̀ kò tíì mú irin kan jáde. N kò sọ pé ọ̀nà náà rọrùn. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí àwọn tó ń buwọ́ lu ìwé àṣẹ ìwakùsà ní Abidjan béèrè, kí erùpẹ̀ tó kúrò ní Bafing, iye ọmọ ilẹ̀ tí wọ́n máa kọ́ ní iṣẹ́ yíyọ́ rẹ̀, kí ó sì wà nínú ìwé àdéhùn.

Ìbéèrè kejì kan àwa tí a ń kọ̀wé ní èdè wa. Ọmọ iṣẹ́ wẹ́dà tó ń gbọ́ Yorùbá tàbí Jula yẹ kó rí ìmọ̀ yìí kà ní èdè tó ń gbọ́, kó mọ èyí tó ń dípáàrà, èyí tí kì í dípáàrà, àti ọ̀pá ìjórin tó bá ìkọ̀ọ̀kan mu. A lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé èédú ni kábọ̀n, mo dábàá pé kí a máa pe irin oníkábọ̀n ní irin èédú. Àwọn tó dáná ìléru ní Ola-Igbi kò ní nílò àlàyé kankan lórí rẹ̀. Níkẹ́ẹ̀lì lè máa jẹ́ níkẹ́ẹ̀lì. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ náà kò mọ̀ ọ́n nígbà yẹn, iwin ni wọ́n pè é.